Òórùn Ni Mo Wí

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi ń gbin òdòdó tó ń rùn bí òkú ewúrẹ́ sẹ́yìnkùlé mi, bí ẹ ò bá ní í jókòó gbọ́ ọ parí. Wọ́n ti bi mí tó. Veronica tí ilé wa jọ fara kanra ti bi mí. Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ti bi mí, wọ́n tiẹ̀ ti gbààwẹ̀ lé e lórí. Ìlérí, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, bi mí títí ó fi sú u, ó wá gbà pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Àgbà wo? Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta péré ni mí.

Ọ̀rọ̀ náà ò le. Imú mi ló kú, mo sì ń wá bí mo ṣe máa jí i, nítorí ẹ̀wù kan.

Babáwálé Dáramọ́lá lorúkọ ọkọ mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ ní La Porte, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà níbí, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Bó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, mi ò nílò aago. Òórùn rẹ̀ á ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó pa ọkọ̀: epo, òógùn, irin gbígbóná, àti nǹkan kan tó dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Èmi náà á ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gáréèjì bíi sọ́jà. "Babáwálé, o ò ní í gbé ìyẹn wọ inú ilé mi! Ibẹ̀ yẹn ni wàá ti bọ́ ọ!" Ọkùnrin náà á máa rẹ́rìn-ín, á máa bọ́ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ẹ̀rọ ìfọṣọ àti táyà àlòkù, á ní, "Èyítáyọ̀, òórùn ọkọ ẹ lò ń sá fún." Èmi á ní ọkọ tèmi kì í rùn, kó lọ wẹ̀ kí ọkọ mi lè jáde síta. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi lé òórùn yẹn kúrò nílé. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: bí wọ́n bá ní kí n fi ojú mi kan rà á padà lónìí, màá yọ ọ́ fún wọn.

Oṣù kìíní ọdún 2021 ni kòrónà wọ ilé wa. Babáwálé ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò dá a dúró sí gáréèjì. Ó wọlé, ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti ẹ̀wù búlúù tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní òtútù ń mú òun, òun ò ní í bọ́ ọ. Inú ẹ̀wù yẹn ló wà títí di ọjọ́ Àìkú, tí mo pe áńbúláǹsì. Àwọn tó wá gbé e bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n gbé ọkọ mi lọ. Wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Ní ọsibítù, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Orí fóònù ni nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún mi pé ó ti lọ. Àárín àjèjì ni ọkọ mi kú sí, kò sí ẹni rẹ̀ kan tó fọwọ́ kàn án. Ikú ń dunni, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní.

Èmi náà ti kó àìsàn ọ̀hún nígbà yẹn. Tèmi ò kọjá ikọ́ àti imú. Ọbẹ̀ jóná lórí iná níṣojú mi, èéfín ni mo rí, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Dókítà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan imú á padà sípò. Mo bá mú ẹ̀wù búlúù yẹn nílẹ̀, mo ká a, mo kì í bọ inú náílọ́ọ̀nù tó ní síìpù, mo tẹ gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, mo tì í. Mo ní lọ́jọ́ tí imú mi bá jí, màá ṣí i, ẹ̀ẹ̀kan péré, màá sì gbọ́ òórùn Babáwálé. Nítorí gbogbo ìgbà téèyàn bá ṣí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ ń sá lọ níbẹ̀. Nítorí náà, mi ò ṣí i. Ọdún kan lọ, ọdún méjì lọ, ó di márùn-ún. Ẹ̀wù wà lókè wọ́dúróòbù, imú wà lójú mi, àwọn méjèèjì ò pàdé.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí ẹgbẹ́ obìnrin bá gbọ́ pé opó kan tọ́jú ẹ̀wù òkú láìfọ̀ ọ́, wọ́n á ní mò ń pe òkú. Bí Ìlérí bá gbọ́, á rántí gbogbo bí mo ṣe máa ń pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ nítorí òórùn yẹn kan náà. Ojú ń tì mí. Àárò ọkùnrin yẹn sì ń sọ mí débi pé mo lè dúró ní gáréèjì nírọ̀lẹ́, kí n máa wo táyà.

Dókítà fún mi ní ìgò kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ́ imú: ọsàn wẹ́wẹ́, kànáfùrù, òdòdó róòsì, àti ewé kan báyìí. Láàárọ̀ mo fà á símú, nírọ̀lẹ́ mo fà á símú. Odindi ọdún kan gbáko! Omi lásán ló jọ lójú tèmi. Ọjọ́ kan ni mo ń ṣàròyé fún Ìlérí lórí fóònù pé mi ò gbọ́ òórùn, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Houston ni wọ́n bí Ìlérí sí, Fulshear lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé báyìí, Yorùbá rẹ̀ nígbà yẹn ò sì ju kí ó kí èèyàn kó béèrè oúnjẹ lọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, "Mummy, kí ló dé tí Yorùbá ń *gbọ́* òórùn? Ṣé imú ní etí ni?"

Mo fẹ́ bá a wí, ni ọ̀rọ̀ náà bá gbá mi láyà. Bó bá jẹ́ pé gbígbọ́ la ń gbọ́ ọ, a jẹ́ pé adití ni imú mi dà. Ta ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí adití? Dókítà yìí ti fi odindi ọdún kan rọra ń sọ̀rọ̀ sétí adití, ó ń retí kó dá òun lóhùn! Ariwo ló kù tí a ò tíì pa mọ́ ọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Ìlérí mú mi lọ sí ọjà òdòdó kan ní League City, ó ní kí n jáde nílé kí n rí èèyàn. À ń rìn kiri, mò ń wo òdòdó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí kò ní ohùn. Bí a ṣe dé igun kan, mo rí i tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ bo imú, tí wọ́n ń yà gba ẹ̀gbẹ́ kan. "Jésù!" ni Ìlérí wí. "Mummy, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Èmi yà síbẹ̀. Òdòdó kan ló wà nínú ìkòkò, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, ó rí bí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún, ó hu irun bí awọ ẹran, eṣinṣin sì ti bò ó. Mo tẹ̀ ba, mo fi imú mi kàn án. Pábó.

Bàbá arúgbó kan tó ń tà wọ́n, Anthony lorúkọ rẹ̀, dìde lórí àga. Ó ní ọgbọ̀n ọdún rèé tóun ti ń ta òdòdó yìí, òun ò rí ẹni tó fi imú kàn án tí kò sá rí.

"Bíi kí ló ń rùn?" ni mo bi í.

"Bí ẹran tó kú ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn."

"Ṣé òun ló burú jù lọ́dọ̀ yín?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní rárá, ó ku ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Di àbúrò fún mi," mo ní, "kó o sì lọ mú ẹ̀gbọ́n wá."

Nǹkan tó mú wá dà bí kókò tí a ń sè jẹ, ó kàn rí rìbìtì ju kókò lọ. Ó ní ó máa tó ọdún mẹ́ta kó tó sanra débi tó máa yọ òdòdó, pé nígbà ìrúwé ló máa ń yọ, kó tó ní ewé rárá, pé kì í sì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí òórùn rẹ̀ fi máa ń le, pé bí ó bá le, kí n má pe àlejò. Mo ní ọdún mẹ́ta ò pọ̀. Ìlérí ń wò mí bí ẹni tí orí ìyá rẹ̀ ti dàrú. "Mummy, people buy roses!" Mo ní kó gbé ìkòkò sínú ọkọ̀. Gbogbo wíńdò la ṣí lórí freeway dé ilé, omi ń dà lójú ọmọ náà, èmi ń kọrin.

Bí mo ṣe dẹni tó ń gbin nǹkan tó ń rùn nìyẹn. Oníràwọ̀ yẹn pọ̀ sí i, ó kún ìkòkò mẹ́fà. Àràárọ̀ ni mo máa ń gbé àga síwájú rẹ̀, màá fi imú sínú òdòdó, màá sọ fún un pé, "Imú, dìde. Wọ́n ń pè ọ́." Eṣinṣin ni mo fi ń mọ̀ pé ó ń rùn. Veronica ní tiẹ̀ rò pé ẹranko kan ló kú sábẹ́ ilé mi. Kò bi mí, ìjọba ìlú ló pè. Àwọn ọkùnrin méjì wá, wọ́n fi àyà fà wọ abẹ́ ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá òkú títí. Mo gbé omi tútù fún wọn kí n tó fi ìkòkò hàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Veronica ò fi kí mi. Nígbà tó yá ló wá bi mí pé kí ló ṣe mí gan-an, mo bá sọ ti imú fún un, mi ò sọ ti ẹ̀wù. Àtìgbà náà, ó di aládùúgbò rere. Á kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀, á di imú rẹ̀ mú, á ní, "Tòní le o. Ẹ tètè lọ."

Ti Mama Akínlabí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin wa. Wọ́n yà kí mi lọ́jọ́ ìsinmi kan, bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí ni ojú wọn tàn. "Mummy Ìlérí! Ẹ̀gẹ́ lẹ rẹ! Ẹ ń ṣe fùfú ní Houston níbí tí ẹ ò ké sí wa? Ìwà wo nìyí?" Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ti ń bi mí bóyá ọbẹ̀ ilá wà nílẹ̀. Mo mú wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Ojú wọn yí padà. Ibi tí wọ́n ti ń wo ìkòkò kiri ni wọ́n ti rí páálí kékeré tí Anthony kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n sí: Voodoo Lily. Wọ́n kà á. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà.

"Díákónẹ́ẹ̀sì," wọ́n ní, "kí lojú mi ń rí yìí?"

"Mà, òyìnbó ló sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣèmi."

Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ obìnrin gbà. Pásítọ̀ fúnra wọn wá da òróró lé ilẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ewé yọ gàgàrà, àfi bíi pé ajílẹ̀ ni wọ́n dà fún un. Mo ya páálí náà dànù, mo kọ "Kókò" sí òmíràn, ọkàn gbogbo ìjọ sì balẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọdún kẹta pé. Ní oṣù kẹta, ṣóńṣó kan yọ láti inú ilẹ̀, kì í ṣe ewé. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Mi ò lè sùn dáadáa mọ́. Mo ní bí imú mi ò bá gbọ́ eléyìí, kò ní í gbọ́ nǹkan kan mọ́ láyé yìí, kí n kúkú gbà pé ọkọ mi ti lọ tán. Ó ń ga lójoojúmọ́, ó dé orúnkún mi, ó dé ìbàdí mi. Ìgbà yẹn gan-an ni àpéjọ àwọn obìnrin ní Dallas bọ́ sí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, èmi ni akọ̀wé, mi ò sì lè sọ pé òdòdó ló dá mi dúró. Mo bẹ Ìlérí kó wá bá mi ṣọ́ ilé. Àwọn tó ń pa ikán náà sì ń bọ̀ wá fín oògùn sí ògiri yàrá mi ní Ọjọ́bọ.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà kí n tó rántí ẹ̀wù. Oògùn ikán! Á wọ inú náílọ́ọ̀nù, á ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mo pe Ìlérí. Àwọn obìnrin ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, bọ́ọ̀sì ti ń ṣí.

"Ìlérí, lókè wọ́dúróòbù mi, náílọ́ọ̀nù kan wà tó ní síìpù. Ẹ̀wù Daddy ẹ ló wà nínú ẹ̀. Gbé e kúrò ní yàrá yẹn kí àwọn onííkán tó dé."

"Okay, Mummy. Kí n gbé e sí ibo?"

"Ibi tó bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n òórùn o, Ìlérí! Òórùn ni mo ń sọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀wù yẹn wà láìsí òórùn. Ṣó o gbọ́?"

"Oòrùn," ló wí. "Ó yé mi, Mummy. Kò ní í wà láìsí oòrùn."

Mo gbọ́ bó ṣe pè é. Irọ́ ò sí níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ohùn Ìlérí ṣe rí látilẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń pè gba ibi tó bá wù ú. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó dìde níwájú ìjọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọkọ́ dáadáa tó fún òun, àwọn èèyàn ń wojú ara wọn bóyá iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, màá ní kó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti ń pè mí kí n wá ka orúkọ àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì. Mo ní, "Káre, ọmọ mi," mo pa fóònù.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni mo padà dé. Ìlérí ló wá gbé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Mummy, ó ti ṣí! Láàárọ̀ yìí. Gbogbo àdúgbò ń pariwo." Mi ò wọlé, mi ò gbé àpò kalẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ga dé àyà mi, pípọ́n rẹ̀ dúdú bí ẹ̀dọ̀ màlúù, ó ká ara rẹ̀ bíi gèlè, ọ̀pá gígùn kan là láàárín rẹ̀ jáde. Eṣinṣin ń hó lórí rẹ̀. Ìlérí fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ bo imú, ó dúró lókèèrè. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé ojú mi síbẹ̀, mo fà á.

Kò sí nǹkan kan. Mo tún fà á. Kò sí. Mo ní, "Olúwa, mo bẹ̀ Ọ́." Ìgbà kẹta, nǹkan kan rọra kan ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo séèémí. Mo rọra tún fà á. Ó wà níbẹ̀! Ó tín-ín-rín, ó jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń rùn. Ó ń rùn bí òkú eku lẹ́yìn àpótí. Yéè, Ọlọ́run mi! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ òórùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

"Ó ń rùn!" mo kígbe. "Ìlérí, ó ń rùn!"

"I know, Mummy! Gbogbo èèyàn ló mọ̀!"

"Èmi! Èmi ni mo gbọ́ ọ! Imú mi!"

Ọmọ náà ju ọwọ́ sílẹ̀, ó gbàgbé òórùn, ó sáré wá dì mọ́ mi. A ń fò sókè bí ọmọdé. Veronica yọrí lójú wíńdò, ó pàtẹ́wọ́ fún mi pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi èkejì di imú. Mo já ara mi gbà. Ta ló mọ iye ìṣẹ́jú tí imú yìí máa fi là? Mo sáré wọlé, mo wá náílọ́ọ̀nù, mo rí i lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ìlérí ti ká a sí mẹ́rin, dáadáa. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ìlérí! Ẹ̀wù dà?"

Ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ó wà níta, Mummy. I did exactly what you said. Láti Ọjọ́bọ. Láàárọ̀ màá sá a, nírọ̀lẹ́ màá ká a wọlé. Yesterday mo yí inú ẹ̀ síta, kí ibẹ̀ náà lè rí oòrùn."

"Kí ó rí kí ni?"

"Oòrùn." Ó na ìka sókè, sí ojú ọ̀run.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìta. Ẹ̀wù Babáwálé wà lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ó ti ṣí, oòrùn ń ta sí i láyà. Mo já a bọ́, mo bo ojú mi mọ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Mo fà á lọ́rùn, mo fà á lábíyá, mo fà á nínú. Aṣọ ni, aṣọ lásán. Mo sáré padà sídìí òdòdó, mo fà á: ó ń rùn. Mo padà síbi ẹ̀wù: kò sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tí mo bọ̀. Imú mi ti dáa. Ẹ̀wù ló ti ṣófo.

Gbogbo ẹnu mi ni mo fi pariwo. "Òórùn ni mo wí! Òórùn! Ṣé oòrùn ni mo pè fún ẹ? Ọdún márùn-ún ni mi ò fi ṣí náílọ́ọ̀nù yẹn! Òórùn bàbá ẹ ló kù sínú ẹ̀, òun nìkan ni mo ní, òun nìkan ni mò ń jí imú mi fún, o gbé e fún oòrùn jẹ! Irú ọmọ wo ni kì í gbọ́ èdè ìyá ẹ̀?"

Ìlérí ń rọra pe ọ̀rọ̀ méjèèjì fún ara rẹ̀. "Oòrùn," ló wí. "Òórùn." Ó pè é gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni omijé dé. "Ẹ má bínú, Mummy. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ́ Yorùbá, from Fulshear, every day. I thought I finally got one right."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa iná ẹnu mi. Ta ni mò ń bú? Èmi tí mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i lẹ́nu nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, kí wọ́n má bàa sọ ní daycare pé kò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mo gbọ́ àṣìpè lórí fóònù tí mo ní káre. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀wù lórí itan mi. Òun náà jókòó tì mí. A sunkún títí.

Nígbà tó yá, mo bi í, ohùn mi ti kéré. "Nígbà tó o ṣí i, o gbọ́ nǹkan kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Mo fi ojú sínú ẹ̀. Èmi náà ń wá wọn, Mummy. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Daddy."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi bí i ti báwo?"

"Róòbù. Róòbù àti òrí, èyí tí ẹ máa fi ń pa mí lára when I was small. Gbogbo àyà ẹ̀wù yẹn, and the back, ó le gan-an. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa ń wọ̀ ọ́ sùn. That's why I didn't think... mo rò pé tiyín ni."

Mi ò wọ̀ ọ́ sùn rí. Mi ò fi kan ara rí. Ó gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí ó tó yé mi. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, kí áńbúláǹsì tó dé, mo po róòbù mọ́ òrí, mo ti ọwọ́ mi bọ abẹ́ ẹ̀wù búlúù yìí, mo fi pa á láyà, mo fi pa á lẹ́yìn, mo tún bu òmíràn. Imú mi ti kú, mi ò mọ bó ṣe ta tó, mo kàn ń fi kún un ni. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó ní, "Èyítáyọ̀, ọwọ́ ẹ gbóná. Má gbé e kúrò." Mi ò gbé e kúrò títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù ni wọ́n bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Wọn ò nu ara rẹ̀.

Mo di ẹ̀wù náà mú. Mo bi Ìlérí pé ọjọ́ mélòó ló rò pé òórùn róòbù lè pẹ́ lára èèyàn.

Ó nu imú rẹ̀, ó rò ó díẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, pé bí ó bá pọ̀ dáadáa, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ̀ lò ní ọsibítù kó tó lọ.